Máníjà béékìrì tí kì í po fúláwà mọ́, kí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ọmọ_Ògèrè · ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ìdí iṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ìdáhùn tó ṣe é gbé lọ sídìí iṣẹ́ ni mo ń wá, ẹ má kọ èyí tí wọ́n ń há sórí fún ìdánwò sí mi.

Ẹ wo béékìrì kan tó ní òṣìṣẹ́ 22: àwọn tó ń po, àwọn tó ń gé, àwọn tó ń ká a sínú páànù, ẹni ófùn méjì, àwọn tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, awakọ̀ mẹ́ta, ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀, akáṣíà àti ọdẹ. Àpò fúláwà 10 ni wọ́n ń po lójúmọ́. Olórí àwọn tó ń po ni wọ́n sọ di máníjà, lẹ́tà tí wọ́n sì fún un kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀ ni pé kó "máa bójú tó gbogbo iṣẹ́".

Kí ni "bójú tó" yìí láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́? Ṣé ó yẹ kí máníjà ṣì máa ki ọwọ́ bọ fúláwà? Èwo sì ni ti fúláwà tó ń tán bó ṣe yẹ, tí ọjà ń tà, tí owó kò sì pé lópin oṣù?

---

Baba_Òṣùwọ̀n · ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìbéèrè yín tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ máníjà ti hàn kedere.

Bí owó ò bá pé, olè ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wá. Ẹ kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n. Àpò fúláwà kan, kílò 50 ni. Ká ní ìlànà yín ni omi lítà 25, ṣúgà kílò 5, bọ́tà kílò 2, iyọ̀ gíráàmù 600, yíìsì gíráàmù 300, àti gíráàmù 100 èròjà tó ń mú búrẹ́dì dìde dáadáa. Ẹ ro ó pọ̀, kílò 83 ni. Díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, díẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀. Bí èyí tó ṣòfò kò bá ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, kílò 81 àti díẹ̀ ló máa dé orí tábìlì ẹni tó ń gé. Tó bá ń gé e ní gíráàmù 850, búrẹ́dì 95 ló gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá ń fi ojú wọ̀n ọ́n, tó sì ń gé e ní 900, 90 péré lẹ máa rí. Búrẹ́dì márùn-ún ti bá àpò kan lọ, kò sì sí ẹni tó jí nǹkan kan. Lórí àpò 10, ó di 50 lójúmọ́. Ká ní 1,500 náírà lẹ ń ta ọ̀kan, 75,000 náírà ló ń lọ lójúmọ́. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó di 1,950,000 náírà.

Ẹni tó ń gé kò mọ̀ pé òun ń ba nǹkan jẹ́; ó tiẹ̀ lè rò pé òun ń ṣe oníbàárà lóore. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ kò ní rí i àfi lópin oṣù, nígbà náà kò sì ní mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ "95" sílẹ̀ kí wọ́n tó po, kó ka ohun tó jáde, kó sì bèèrè lọ́jọ́ náà gan-an pé márùn-ún tó kù dà, òun ni máníjà. Ẹ̀yà iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò nìyẹn. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: iye tó yẹ, iye tó jáde, ìdí tí wọn ò fi dọ́gba, àti ohun tí a máa yí padà lọ́la. Ọ̀pọ̀ máníjà máa ń ṣe méjì àkọ́kọ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, wọ́n á pa ìwé dé.

Ẹni tó kọ́kọ́ to iṣẹ́ máníjà lẹ́sẹẹsẹ lọ́nà tí gbogbo ayé ń lò títí dòní ni Henri Fayol, ọmọ Faransé, ẹnjiníà ìwakùsà. Ní 1888 ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ èédú àti irin tí ó kù díẹ̀ kó kógbá sílé, ó sì gbé e dìde. Ní 1916 ló tẹ ohun tó ti rí jáde. Iṣẹ́ márùn-ún ló kà: ríro ọjọ́ iwájú, títo ènìyàn àti ohun èlò sí àyè wọn, pípàṣẹ, mímú kí iṣẹ́ ẹ̀ka kan bá ti èkejì mu, àti àyẹ̀wò. Àwọn olùkọ́ òde òní máa ń ká a pọ̀ sí mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí iye rẹ̀ dà yín láàmú.

Ríro ọjọ́ iwájú ní béékìrì, ìṣirò ni. Àpò 10 lójúmọ́. Ká ní ẹni tó ń kó fúláwà wá máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé, ẹ sì fi ọjọ́ méjì kún un nítorí ọ̀nà tàbí ọ̀wọ́n. Ọjọ́ márùn-ún lọ́nà 10, àpò 50. Lọ́jọ́ tí fúláwà inú sítọ̀ bá kan 50 ni kí ẹ ti ránṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ku márùn-ún. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún yíìsì (kílò 3 lójúmọ́ lórí ìlànà òkè yìí), ṣúgà, ọ̀rá àti dísù. Iye tí ẹ máa po lọ́la, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti mọ̀ ọ́n, láti inú iye tí àwọn awakọ̀ ní àwọn oníbàárà bèèrè. Ẹni tó bá ń po 10 lójoojúmọ́ torí pé 10 ni wọ́n ti ń po bọ̀, búrẹ́dì á kù sí i lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá gba ọlidé, kò sì ní tó o nígbà tí oṣù bá parí.

Ní ti títo ènìyàn sí àyè, ènìyàn 22 kò gbọ́dọ̀ máa wá gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ fi súpáfáísọ̀ kan sí ìdí pípo àti yíyan, ọ̀kan sí ìdí títà. Ẹni sítọ̀ àti akáṣíà ní tiwọn kí wọ́n máa jíṣẹ́ fún máníjà tààrà. Ẹ sì pa á mọ́ bí òfin: ẹni tó ń ra ọjà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbà á sí sítọ̀, ẹni tó ń gba owó kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ iye búrẹ́dì tó jáde. Níbi tí ọwọ́ kan bá ti ń ṣe méjèèjì, kò sí àyẹ̀wò tó lè ràn yín lọ́wọ́.

---

Ìyá_Ófùn · ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín ò ní kan. Àmọ́ ẹni tó bá ka èyí tí ẹ kọ, á rò pé máníjà á jókòó, á ro ọjọ́ iwájú títí di aago 10, á to ènìyàn di aago 12, á wá yẹ nǹkan wò lọ́sàn-án. Ọjọ́ máníjà ò rí bẹ́ẹ̀. Henry Mintzberg, ọmọ Kánádà, tẹ̀ lé ọ̀gá ilé iṣẹ́ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ohun gbogbo tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Ní 1973 ló tẹ ẹ́ jáde: ìdajì nínú àwọn ohun tí wọ́n ń ṣe kò pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí nǹkan mìíràn tó já lù ú. Àwọn ọ̀gá tó ní akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn o! Ti béékìrì ńkọ́, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń kọ́, tí awakọ̀ ń bèèrè owó táyà, tí oníbàárà sì ń pariwo lórí fóònù?

Nítorí náà, kó má gbìyànjú láti to gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Kó yan àkókò mẹ́ta tí ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jẹ́ kí ìyókù máa ṣàn bó ṣe fẹ́.

Aago 5:30 ìdájí: ta ló wá, ta ni kò wá, ta ló máa dípò ẹni tí kò wá, kí ẹni sítọ̀ wọn èròjà jáde lójú rẹ̀, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ.

Aago 11: kó rìn yíká. Kó fi ọwọ́ kan nǹkan, kó fi imú gbọ́ ọ. Fúláwà pípò, tí àwa ń pè ní dóò, kí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 27 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tó bá kúrò nínú ẹ̀rọ. Lásìkò ooru, omi tútù tàbí yìnyín ni wọ́n fi ń mú un wálẹ̀. Dóò tó bá gbóná jù á sáré wú, á sì kan kí ààyè tó yọ nínú ófùn. Ófùn, 200 sí 220, ìṣẹ́jú 30 sí 40 gẹ́gẹ́ bí páànù bá ṣe tóbi tó. Búrẹ́dì tó bá jáde, kó tutù fún wákàtí méjì ó kéré tán kí wọ́n tó dì í. Èyí tí wọ́n bá dì ní gbígbóná, ooru rẹ̀ á di omi nínú ọ̀rá, ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta á ti bu, àwọn tó ń tà á á sì dá a padà. Ìkánjú awakọ̀ tó fẹ́ tètè jáde ló sábà máa ń fa èyí. Bí máníjà ò bá dúró ti àwọn tó ń di búrẹ́dì, awakọ̀ á borí wọn.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: iye ti ọ̀la, bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ.

Ohun tí mo tún fẹ́ fi kún un ni mímú iṣẹ́ bára mu, tí ẹ̀gbọ́n kàn dárúkọ kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni béékìrì ti ń pàdánù jù. Ká ní ófùn yín ń gba páànù 200 lẹ́ẹ̀kan, tí kíkó wọlé, yíyan àti kíkó jáde ń gba ìṣẹ́jú 45. Àpò 10 yín á mú búrẹ́dì bí 950 wá, ìyẹn ìgbà márùn-ún nínú ófùn, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45. Bí àwọn tó ń po bá wá po àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán láàárín wákàtí kan nítorí wọ́n fẹ́ tètè lọ sílé, èyí tó kẹ́yìn á dúró, á wú kọjá ààlà, á wá wó lulẹ̀ nínú ófùn. Orí rẹ̀ á tẹ́, inú rẹ̀ á ní ihò. Ọ̀gá á ní yíìsì ò dáa, wọ́n á pààrọ̀ yíìsì, kò sì ní yí nǹkan kan padà. Àpò méjì méjì ni kí wọ́n máa po, ìṣẹ́jú 45 láàárín ara wọn, ẹni ófùn ló sì gbọ́dọ̀ máa sọ pé "ẹ po ìkẹta". Ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Àwọn tó ń po kì í fẹ́ràn rẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbi iṣẹ́. Máníjà tó ti ara wọn wá ló máa rọrùn fún jù láti ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, tàbí kó ṣòro fún jù, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀.

---

Ọmọ_Ògèrè · ọjọ́ Ajé, 12:31 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun mà. Ìṣirò búrẹ́dì 95 yẹn nìkan ti tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ìkíní, bí ọ̀gá bá ń pe awakọ̀ lórí fóònù, tí ìyàwó ọ̀gá tún ń wọlé láàárọ̀ tó ń sọ fún ẹni ófùn pé kó kọ́kọ́ yan ti àwọn oníbàárà òun, kí ni máníjà lè ṣe? Ìkejì, bí búrẹ́dì bá jó, ṣé wọ́n lè yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù ẹni ófùn? Ìkẹta, awakọ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kì í bá owó rẹ̀ mu ńkọ́?

---

Ọ̀rọ̀_Òṣìṣẹ́ · ọjọ́ Ajé, 2:18 ọ̀sán

Ọba kì í pé méjì láàfin. Fayol náà fi í sínú àwọn ìlànà 14 tó kọ: òṣìṣẹ́ kan, ọ̀gá kan ni kó máa fún un láṣẹ. Ìṣòro tiwa ni pé ìyàwó ọ̀gá kì í ṣe ẹni tí ẹ lè sọ fún lójú àwọn òṣìṣẹ́ pé "ẹ má dá sí i". Inú yàrá ni kí ẹ ti bá àwọn méjèèjì sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì gbé ìwé dání: "Sà, mà, tí ẹ bá fẹ́ nǹkan kan lọ́la, ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi kó tó di aago mẹ́rin, màá kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ ọ̀la, á jẹ́ àkọ́kọ́." Fún pàjáwìrì, ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìdáhùn kan: "Ẹ ṣé mà, màá sọ fún máníjà báyìí." Kí wọ́n sì sọ fún un lóòótọ́. Bí ọ̀gá kò bá gbà, ẹ má tan ara yín, máníjà yẹn kò ì tíì di máníjà.

Ní ti yíyọ owó: rárá. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, abala karùn-ún, kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Àyè kan tó wà ni pé bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó fi àìbìkítà bà á jẹ́, wọ́n lè yọ iye tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò sí béékìrì tí mo mọ̀ tó ń gbà á. Wọ́n kàn ń yọ ọ́ ni, òṣìṣẹ́ á sì wá gba tirẹ̀ padà lábẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni búrẹ́dì ti ń gba ẹ̀yìn fẹ́ńsì jáde.

Kí ẹ tó dá ẹni ófùn lẹ́bi, ẹ béèrè: ṣé ẹ̀rọ tó ń ka ìgbóná ń ka òótọ́? Ṣé gáàsì ń lọ sókè sódò? Ṣé ó kó páànù há ara wọn? Ṣé aago wà lára ògiri tàbí fóònù rẹ̀ ló ń wò? Kó máa kọ ìgbóná àti àkókò sílẹ̀ fún gbogbo ìgbà tó bá yan. Tí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí irin.

Bí ó bá jẹ́ ènìyàn: ìwé ìbéèrè lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí nínú rẹ̀, ẹ fún un ní wákàtí 24 sí 48 láti fèsì, ẹ jókòó gbọ́ ọ, ẹnì kan kó máa kọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tó kìlọ̀ tàbí kí ẹ dá a dúró fúngbà díẹ̀. Lílé ènìyàn lójú ẹsẹ̀ nígbà tí inú ń bí yín ni ohun tí ẹ máa san owó rẹ̀ jù.

Máníjà tún gbọ́dọ̀ mọ àwọn wọ̀nyí lórí, kò gbọ́dọ̀ dúró de lọ́yà:

Lẹ́tà tó sọ iṣẹ́, owó àti wákàtí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ìkìlọ̀ kí iṣẹ́ tó parí (nótíìsì), gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́: ọjọ́ kan bí kò bá ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan bó bá ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì sí márùn-ún, oṣù kan láti ọdún márùn-ún lọ sókè. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje. Lẹ́yìn oṣù 12, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni ìsinmi ọdọọdún, owó rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ dín. Òṣìṣẹ́ yín jẹ́ 22, ó ti ju 15 lọ, nítorí náà òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 kàn yín: ilé iṣẹ́ á dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ á dá ìdá mẹ́jọ.

Ohun kan tí àwọn máníjà kì í mọ̀: òfin iṣẹ́ yìí kò ka ẹni tó wà nípò ìṣàkóso mọ́ "òṣìṣẹ́". Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè lórí ìkìlọ̀ àti ìsinmi, lábẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó ń po wà. Máníjà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó bá wà nínú lẹ́tà rẹ̀ ló máa dáàbò bò ó. Ẹ wá wo ìlà mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

---

Tà_Kó_San · ọjọ́ Ajé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Mo máa dáhùn ti awakọ̀.

Ìdọ́gba kan ni. Iye tó kó jáde gbọ́dọ̀ bá èyí mu: iye tó tà tówó rẹ̀ ti wọlé, pẹ̀lú iye tó fi àwìn tà, pẹ̀lú iye tó kó padà, pẹ̀lú èyí tó bàjẹ́ tí ẹ fi ojú rí. Bí àpẹẹrẹ, ó kó 400 jáde. Owó búrẹ́dì 310 wọlé, 60 jẹ́ àwìn, 25 padà wá, 3 fọ́. Àpapọ̀, 398. Méjì kù. Méjì kò tó ohun tí a ń jà sí, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́. Bó bá jẹ́ méjì lójoojúmọ́, ti awakọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni àwìn, torí òun nìkan ni kò ṣe é fojú rí nínú ìdọ́gba yẹn. Awakọ̀ lè gba owó lọ́wọ́ ìyá kan, kó lo owó náà, kó kọ "àwìn". Lọ́la, ó gba ti ìyá kejì fi san ti ìyá àkọ́kọ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Oògùn rẹ̀ ni pé kí máníjà fúnra rẹ̀ pe oníbàárà márùn-ún lọ́sẹ̀, kó má jẹ́ àwọn kan náà, kó bi wọ́n pé: "Ẹ kú ọjà mà, èló ló kù lọ́wọ́ yín?" Kó fi ìdáhùn wé ìwé. Kí àwọn tó ń san owó sí báǹkì máa san án sí àkáǹtì ilé iṣẹ́ tààrà, kó má gba àkáǹtì awakọ̀ kọjá rárá. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ ọ̀nà àwọn awakọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Gbèsè tí kì í ṣe gbèsè á jáde síta lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Fún àwìn fúnra rẹ̀, ìlànà tó rọrùn jù ni kí oníbàárà san ti àná kó tó gba tòní. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá ti pé ọjọ́ méje, ẹ dá ọjà rẹ̀ dúró, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni. (Ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ ṣáájú, kó tó di pé ẹ̀gbọ́n pè é.) Kí máníjà mọ iye àpapọ̀ àwìn tó wà níta ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Béékìrì kan lè máa jèrè lórí ìwé kó sì má rí owó ra fúláwà, torí owó fúláwà wà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà.

Búrẹ́dì tó padà wá náà ní ìtàn tó ń sọ. Bí 25 nínú 400 bá ń padà wá ní ọ̀nà kan, tí ọ̀nà kejì kì í dá ju márùn-ún padà lọ, ẹ dín ti ọ̀nà àkọ́kọ́ kù sí 380 fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá awakọ̀ jà.

---

Baba_Òṣùwọ̀n · ọjọ́ Ajé, 9:03 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ti kíki ọwọ́ bọ fúláwà, torí kò sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀.

Robert Katz kọ ọ́ ní 1955 pé ìmọ̀ mẹ́ta ni alákòóso nílò: ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀, ìmọ̀ bí a ṣe ń bá ènìyàn lò, àti ìmọ̀ bí a ṣe ń rí gbogbo ilé iṣẹ́ lápapọ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni ti àkọ́kọ́ ń dín kù, tí ti ẹ̀kẹta ń pọ̀ sí i; ti àárín kì í dín kù níbikíbi. Ní béékìrì òṣìṣẹ́ 22, mo gbà pé máníjà lè po fúnra rẹ̀ nígbà mẹ́ta: tí ènìyàn bá ṣàìsàn tí kò sí ẹlòmíì, tí ó bá ń kọ́ ẹni tuntun, tàbí tí wọ́n bá pààrọ̀ fúláwà tí ó sì fẹ́ mọ omi tó máa gbà. Yàtọ̀ sí èyí, wákàtí kan tó lò nídìí ẹ̀rọ, wákàtí kan tí kò sẹ́ni tó ń wo sítọ̀ ni. Ohun tó máa ń fà á padà sídìí ẹ̀rọ ni pé ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára, níbẹ̀ ló sì ti mọ̀ dájú pé òun mọ iṣẹ́. Àwọn tó ń po náà ò sì ní kọ́ láti pinnu ohunkóhun, wọ́n á máa dúró dè é.

Nígbà tó bá ń gbé iṣẹ́ lé súpáfáísọ̀ lọ́wọ́, kó gbé àṣẹ lé e pẹ̀lú. "Ìwọ ni kó o máa tún ẹ̀rọ ṣe" láìsí owó kankan lọ́wọ́, ìyà ni. Kó sọ pé: o lè ná tó 10,000 náírà láìbi mí, o gba rìsíìtì, a jọ wò ó ní ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, pè mí.

Ní ti lẹ́tà onílà mẹ́rin, kó bẹ ọ̀gá kí wọ́n tún un kọ. Kó ní àwọn ẹni tó ń jíṣẹ́ fún un lórúkọ ipò wọn, ẹni tí òun ń jíṣẹ́ fún (ẹnì kan!), iye tó lè ná láìbèèrè, bóyá ó lè gba ènìyàn síṣẹ́ tàbí kó dá wọn dúró, àwọn nọ́ńbà tí wọ́n máa fi wọn iṣẹ́ rẹ̀, bíi búrẹ́dì lórí àpò kan, iye tó ń padà wá, àwìn tó ti kọjá ọjọ́ méje, ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi dúró, àti iye ọjọ́ ìkìlọ̀ àti ìsinmi tirẹ̀, nítorí ohun tí Ọ̀rọ̀_Òṣìṣẹ́ sọ lókè yẹn.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò nídìí tábìlì náà ńkọ́? Ẹ yẹ òun náà wò ní gbogbo ọjọ́ Ajé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ òfìfo lé e, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ bu omi lítà kan gééré sí i. Kílò kan ló gbọ́dọ̀ kà. Tó bá ka 950 tàbí 1,050, ìṣirò 95 tí mo ṣe láàárọ̀ kò wúlò títí ẹ ó fi tún un ṣe.

---

Ọmọ_Ògèrè · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. 940 ló kà.